Ẹ má tíì gbé ẹ̀rọ Bàbá Kápẹ́ńtà fún oníkọ́ńdẹ́mù

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, fọ́tò kan wọlé sórí WhatsApp ẹbí wa. Ẹ̀rọ ńlá kan ló wà nínú rẹ̀, eruku ti bò ó, adìẹ kan sì dúró lórí rẹ̀ bí ẹni pé òun ló ni ín. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò náà: "Àwọn oníkọ́ńdẹ́mù ti dé o. ₦300 ni wọ́n fẹ́ ra kílò kan. Ṣé ká jẹ́ kí wọ́n gbé e?" Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, èèyàn mẹ́sàn-án ti fi àtàǹpàkò sí i.

Ẹ̀rọ Bàbá Kápẹ́ńtà ni. Àbúrò bàbá mi ni Bàbá Kápẹ́ńtà, apá Tàkíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, wọ́n sì ti di olóògbé láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Nígbà tí a wà ní kékeré, tí wọ́n bá kó wa wálé fún ọlidé, ariwo ẹ̀rọ yẹn ló máa ń jí wa láàárọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó tan iná sí i mọ́. Òjò ń wọ ṣọ́ọ̀bù, ikán ti jẹ ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ọ̀hún sì dúró síbẹ̀.

Nítorí pé mo ka ìwé òfin, èmi ni wọ́n máa ń yíjú sí tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ogún. "Lọ́yà, kí lo rí sí i?" Ohun tí mo rí sí i ni mo fẹ́ sọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí lórí fóònù báyìí lẹ ní irú rẹ̀ nílé: màṣíìnì ìránṣọ ìyá àgbà, ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ tó wúwo bí erin.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Iṣẹ́ márùn-ún ló ń ṣe lójú kan. Ayùn rìbìtì wà lára rẹ̀ tó ń la pákó. Ibì kan wà lókè tó ń fá ojú pákó kó lè dán. Abẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ti pákó kan náà gbà kó lè nípọn bákan náà láti orí dé ìdí. Apá kan ń lu ihò onígun sí igi, fún ẹsẹ̀ àga àti férémù ilẹ̀kùn. Ìkarùn-ún ni irin kan tó dúró lóòró tí abẹ wà lórí rẹ̀, òun ló ń gbẹ́ ìlà àti ọnà sí etí pákó. Irin tí wọ́n yọ́ dà ni ara rẹ̀, mọ́tò iná kan ló sì ń yí gbogbo rẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe tiwa ti pa rẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní tiwọn tó lókìkí, Shopsmith, tí Hans Goldschmidt, ọmọ Jámánì tó ṣí lọ síbẹ̀, ṣe jáde lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ọkùnrin kan ṣoṣo tí àyè rẹ̀ kéré, tó fẹ́ máa ṣiṣẹ́ igi nínú ilé rẹ̀, ni Goldschmidt ń rò nígbà tó ṣe é. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo yẹn sọ́kàn, màá padà sí i.

Lórí WhatsApp, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Apá kan ní kí a tà á. Ẹ̀rọ náà á tó 400 kílò, nítorí náà ₦120,000 ni. Èmi ò lè fojú tín-ín-rín owó yẹn o. Ìyàwó àgbà Bàbá Kápẹ́ńtà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lójoojúmọ́, páànù orí yàrá wọn sì ń jò. Ẹni tó bá ní ìrántí ṣe pàtàkì ju oògùn lọ, kò tíì ra oògùn ni.

Apá kejì, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Manchester jẹ́ olórí wọn, ní ká má tà á. Ó ní ká ha ìpẹtà ara rẹ̀, ká kùn ún ní dúdú, ká wá gbé e sí pálọ̀ ilé ẹbí bíi ọnà. Ó tiẹ̀ fi fọ́tò ilé oúnjẹ kan ní Lẹ́kkí ránṣẹ́, níbi tí wọ́n ti fi màṣíìnì ìránṣọ ṣe ẹsẹ̀ tábìlì. Mo bi í pé ta ló máa gbé irin 400 kílò gba ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wọlé. Ó ka ọ̀rọ̀ mi, kò dá mi lóhùn.

Ní tèmi o, àwọn méjèèjì ṣì í. Oníkọ́ńdẹ́mù ń wọn irin, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹwà, kò sì sí èyí tó béèrè nínú wọn pé: ta ló ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi ẹ̀rọ yìí ṣe láàárọ̀ Mọ́ńdè? Bí kò bá sí ẹni náà, ẹ tà á, kódà bó bá ń tàn bíi dígí. Bí ẹni náà bá wà, ẹ pè é kó wá wò ó kí wọ́n tó gbé ìwọ̀n wá.

Kí n tó dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀. Àtàǹpàkò mẹ́sàn-án lórí WhatsApp kì í ṣe ìyọ̀ǹda ẹbí. Bàbá Kápẹ́ńtà kò ṣe ìwé ìhágún, ìyàwó méjì ni wọ́n fi sílẹ̀. Ìyá bí ọmọ márùn-ún, ìyàwó kejì bí méjì. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ohun ìní wọn ti di ti gbogbo ọmọ pa pọ̀, ẹnì kan ò lè dá a tà. Bí ẹ bá gbọ́ orúkọ ẹjọ́ Dawodu v. Danmole rí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọkùnrin kan ló kú ní Èkó, tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Wọ́n jà á dé Privy Council ní London, ní 1962 sì ni wọ́n fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ pé ìdí-igi ni àṣà wa, ìyẹn ni pé iye ìyàwó tó bímọ ni wọ́n fi ń pín in, kì í ṣe iye ọmọ. Orí-ò-jorí wà pẹ̀lú, tí olórí ẹbí lè lò nígbà tí ìjà bá wà. Nítorí náà, àwọn ọmọ méjì ìyàwó kejì, tí ẹnikẹ́ni ò rántí bi léèrè nínú gbogbo ariwo yìí, ìdajì ẹ̀rọ náà ni tiwọn. Mo kọ èyí sórí WhatsApp. Àtàǹpàkò mẹ́rin kúrò lójijì.

Ẹni tí mo wá pè ni ọmọ iṣẹ́ àgbà Bàbá Kápẹ́ńtà. Òun náà ti di ọ̀gá báyìí, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Òwódé, ní Ọ̀yọ́. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́ lórí ẹ̀rọ yẹn kó tó gba fíríìdọ̀mù. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá wò ó." Wọ́n ní, "Lọ́yà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án o. Tó bá di Sátidé, mo ti dé." Ọkọ̀ àárọ̀ kùtù ni wọ́n wọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ ti bá àwọn tírélà du ọ̀nà rí ní apá Odò Ọbà, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn àjò tí èèyàn ń fi ṣeré.

Òòlù kékeré, rúlà irin gígùn kan àti tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n mú dání. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ so iná mọ́ ọn. Ọmọ ẹbí kan ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kó lè rí i bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ti jókòó fún ọdún mẹ́rin, tí eku ti ń gbé inú rẹ̀, tí èèyàn bá kàn tan iná sí i, kọ́ìlì mọ́tò lè jó, tàbí kí abẹ tó ti dẹ̀ fò jáde. Ọwọ́ ni wọ́n fi yí i.

Wọ́n wá ń fi òòlù kan irin rẹ̀ jẹ́jẹ́, láti ibì kan sí ibòmíràn, wọ́n ń tẹ́tí sí i. Irin tí wọ́n yọ́ dà, tí kò bá sán, á dún bí agogo. Tó bá sán, á dún gbì bí ìkòkò tó ti fọ́. Gbogbo ara ẹ̀rọ náà ló dún gaara, àfi ibi tí wọ́n fi ń lu ihò onígun. Ẹsẹ̀ ibẹ̀ ti sán tẹ́lẹ̀, wẹ́dà kan ti jó o pọ̀, ó sì tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ibi tí wọ́n jó. Ẹ̀gbọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn: irú irin bẹ́ẹ̀ kì í gba wẹ́dà lásán, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú un gbóná, kí wọ́n lo irin ìjó tó yàtọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n gbé rúlà lé ojú tábìlì tó ń fá igi, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá là gbà abẹ́ rúlà, tábìlì náà ti wọ́. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yọ ní ìpẹ̀kun kan, kò ju kí bébà gbà kọjá lọ. Wọ́n ní bóòtù lásán ló máa tún ìyẹn ṣe. Ní ti ìpẹtà, tí àwa fi ń bẹ̀rù jù lọ, wọn ò tiẹ̀ kà á sí. Wọ́n fi èékánná ha á, wọ́n ní, "Èyí ò jìn, sáńpépà àti kẹrosíìnì ni."

Orí tí abẹ wà nínú rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò jù. Wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ tó dàgbà ju tiwa lọ máa ń ní orí onígun mẹ́rin, tí àlàfo ńlá máa ń wà láàárín rẹ̀ àti tábìlì, tí ọwọ́ bá sì yọ̀, gbogbo ìka ló máa bá a wọlé. Wọ́n ní tó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni tiwa ni, àwọn náà á bá wa gbé e sórí ìwọ̀n. Rìbìtì ni tiwa. Wọ́n di ọ̀pá rẹ̀ mú, wọ́n mì ín sókè sódò, ó mì. Bíárìn ti jẹ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà lára bíárìn náà, 6205, kì í ṣe nǹkan àrà, ó wà káàkiri ayé, ẹ máa rí i rà ní ọjà Aráròmí ní Agódi Géètì n'Ìbàdàn láàárín wákàtí kan. Èyí yà mí lẹ́nu. Mo ti rò pé ohun tó máa pa ẹ̀rọ àtijọ́ ni pé kò ní sí ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yà tó ń jẹ gan-an ló wọ́pọ̀, èyí tí kò wọ́pọ̀, ìyẹn irin ńlá tí wọ́n yọ́ dà, kì í jẹ tí wọn ò bá là á mọ́lẹ̀.

Mọ́tò ló kù. Fésì mẹ́ta ló ń lò. Wọ́n kọ 220/380 sára àwo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí sì dùn mọ́ wọn, torí tí wọ́n bá pààrọ̀ bí wọ́n ṣe so wáyà rẹ̀, VFD kékeré kan lè fi iná fésì kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn yí i. Wọ́n á tún kọ́ìlì rẹ̀ wé o, torí ó ń rùn bí ohun tó ti jó rí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dáa tàbí kò dáa?" Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àtijọ́ Bàbá Kápẹ́ńtà. "Lọ́yà, tí ẹ bá ní kí n tún gbogbo iṣẹ́ márààrún ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Kò tó bẹ́ẹ̀. Fífá igi nìkan ni mo fẹ́."

Wọ́n wá ṣàlàyé. Ọmọ iṣẹ́ márùn-ún ló wà lọ́dọ̀ wọn. Mọ́tò kan ló ń yí gbogbo ẹ̀rọ yìí, tí ẹnì kan bá ń la pákó níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ fá pákó á káwọ́ gbera. Tí wọ́n bá parí èyí, wọ́n á tún tábìlì gbé, wọ́n á pààrọ̀ bẹ́líìtì, wọ́n á tún un wọ̀n kí èyí tó kàn tó bẹ̀rẹ̀. Ó dáa fún ọkùnrin kan ṣoṣo tí àyè rẹ̀ kéré. Bàbá Kápẹ́ńtà gan-an, ní ìgbà tí iṣẹ́ wọn pọ̀ jù, ayùn mìíràn ni wọ́n lọ rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ oníṣẹ́ márùn-ún. Ayùn ti wà lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé gbogbo pákó ilẹ̀kùn àti bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá gbà, sọ́míìlì ni wọ́n ń gbé e lọ kí wọ́n tó lè fá a. Wọ́n ń san owó fífá, wọ́n ń san owó kẹ̀kẹ́ ní àlọ àti àbọ̀, wọ́n á tún tò lórí ìlà. Àwọn oníbàárà ò sì fẹ́ gbọ́ ìtàn ìlà.

Mo ṣe ìṣirò pẹ̀lú wọn lórí fóònù mi. Bíárìn, bẹ́líìtì, abẹ tuntun, kọ́ìlì, VFD, ọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́: ó ń lọ sí bíi ₦400,000. Kò kéré. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń kó tuntun wọlé, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023 sì kọjá ₦1,500 ní 2024. Ní ti iná, àdúgbò wọn kì í ṣe Band A. Kódà tí ẹ bá fi ₦225 tí wọ́n bu lé Band A ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ṣe é, mọ́tò onílókìtì 2.2 á jẹ nǹkan bíi ₦500 ní wákàtí kan tó bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní iye tí wọ́n ń san láti gbé pákó lọ sí sọ́míìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ju ìyẹn lọ.

Mo rò pé a ti parí ọ̀rọ̀. Wọ́n wá fọwọ́ kan irin tó dúró lóòró yẹn, èyí tó ń gbẹ́ ọnà. "Èyí, mi ò fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́."

Gbogbo wa la mọ̀ pé ìka méjì ò sí lọ́wọ́ òsì Bàbá Kápẹ́ńtà. Bá a ṣe ń gbọ́ ọ láti kékeré ni pé jàǹbá ọkọ̀ ni. Kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn ló gbé ọ̀gá wọn sórí ọ̀kadà. Gáàdì wà lára irin yẹn nígbà tí wọ́n rà á. Bàbá Kápẹ́ńtà fọwọ́ ara wọn tú u kúrò torí ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, wọ́n sì jù ú sí kọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n dìde, wọ́n wá a títí, wọ́n fà á yọ lábẹ́ àwọn pákó tí ikán ti jẹ. Ó wà níbẹ̀ láti ọdún wọ̀nyẹn.

Èmi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá, tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀, ní, "Mo mọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹ̀yin ọmọ."

Òfin Factories Act wa sọ pé gbogbo apá ẹ̀rọ tó bá léwu gbọ́dọ̀ ní ìbòrí tó dúró ṣinṣin. Employee's Compensation Act ti 2010 sì ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí òfin náà wà fún. Ẹ lọ káàkiri ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Muṣin, kí ẹ ka iye ìbòrí tí ẹ bá rí. Bí a bá ń sọ pé a fẹ́ jí ẹ̀rọ àwọn bàbá wa dìde, kí a má jí èyí tó ge wọ́n lọ́wọ́ dìde pẹ̀lú. Ibi tí mo ti bá àwọn tó ní "ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ló dáa jù" yà nìyẹn. Irin rẹ̀ dáa. Bí wọ́n ṣe ń lò ó kò dáa.

Ìwé ojú kan ni mo kọ fún wọn, Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́ kí Ìyá lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹbí ò ta ẹ̀rọ náà, wọ́n fi háyà fún Ẹ̀gbọ́n fún ọdún méjì. Àwọn ló máa tún un ṣe, apá fífá igi nìkan. Láti oṣù kẹta, wọ́n á máa fi ₦15,000 ránṣẹ́ sí Ìyá lóṣooṣù, ìyàwó kejì á sì gba ìdajì rẹ̀, ìdí-igi ni ìdí-igi. Tí ọdún méjì bá pé, wọ́n lè rà á ní iye tí a ti kọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá lo ẹ̀rọ náà láìsí ìbòrí lórí abẹ, ẹbí lè gbé e padà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ló ní kí n fi ìlà yẹn sí i, kì í ṣe èmi.

Kì í ṣe pé ó dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìyá ṣì ń bínú pé ₦120,000 lọ́wọ́ sàn ju ₦15,000 tí èèyàn ń retí lọ, kò sì jẹ̀bi, torí oògùn oṣù yìí kò lè dúró de oṣù kẹta. Èmi àti ará Manchester la dá owó oògùn oṣù méjì àkọ́kọ́. Mo fi ìyẹn gba ìkúùkù dúdú tó fẹ́ kùn ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ máa wá gbé e lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn oníkọ́ńdẹ́mù pè mí lánàá, wọ́n ní ṣé a ti pinnu. Mo ní kí wọ́n wá, irin tó dúró lóòró yẹn àti ẹsẹ̀ tó sán wà nílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n gbé ìwọ̀n wọn dání.